Àgbò Wa Tí Ń Jẹ́ Àpáta

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìfọ̀, àgbò wa ló kọ́kọ́ sọ fún gbogbo àdúgbò ẹni tí yóò gba bẹ́líìtì àwọn akànṣẹ́ tó wúwo jù lọ lágbàáyé. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Àwọn ọmọ tí mo bí nínú ara mi ò gbà mí gbọ́. Ìyàwó mi, tó ti ń fi sùúrù gba irọ́ mi gbọ́ láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà, nígbà tó gbọ́ eléyìí, ó kàn mirí ni, ó ní, "Bàbá Kàbírù, ẹ wá jẹun, oúnjẹ ti ń tutù." Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí omi kànga ṣe máa ń ta èèyàn lára ní àárọ̀ ọyẹ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹ ṣì ní irọ́ ni, kò sí ìjà.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé wa, ilé wa sì súnmọ́ ojú irin rélùwéè débi pé bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá, gbogbo ìdérí ìkòkò ìyá mi ni yóò máa jó. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn aṣọ tuntun tí wọ́n wọ́n omi sí, tí wọ́n wá gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé, bàbá mi ni mo máa ń rí. Èmi ni mo ń fẹ́ iná sí áyọ́ọ̀nù yẹn. Èmi ni mo ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, nítorí bàbá mi kò fẹ́ gbà pé ojú òun ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní abẹ́rẹ́ ayé ìsinsìnyí ni kò lójú mọ́. Èmi náà ni mo ń ṣa ègé aṣọ nílẹ̀, tí mo ń kó wọn sínú àpò ìrẹsì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí bàbá mi kì í da ègé aṣọ nù. "Ègé tí o rí yẹn," á ní, "kò sí èyí tí kò ní ọjọ́ tirẹ̀." Bí mo bá jẹ́ kí èédú ta sí aṣọ oníbàárà, màá fìka kanlẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, títí ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ yóò fi kọjá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ wa kì í kánjú.

Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé, ọ̀kan ṣoṣo ló wà tí mo fẹ́ràn. Ọkọ̀ ojú irin ló pa àgùntàn ìyá mi, ó sì fi ọmọ rẹ̀ kan sílẹ̀, akọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ tábìlì tí ìṣó rẹ̀ ti yọ. Fídà tí èmi fúnra mi mu nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́ ni ìyá mi wá jáde. Ó fọ̀ ọ́, ó po mílíìkì sí i, ó nà án sí mi, ó ní, "Ó yá, ìyá ọmọ, wá fún ọmọ rẹ lọ́mú." Bí mo ṣe di abiyamọ nìyẹn, mi ò tíì ní irùngbọ̀n.

Mo sọ ọ́ ní Ọ̀rẹ́. Láràárọ̀, kí n tó lọ sí iléèwé, màá lọ gé koríko fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ìrì yóò rin ṣòkòtò mi gbìndìn. Ó ń jẹ èèpo iṣu, ó ń jẹ ewé ọ̀dùnkún, ó sì ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fàdà tó bá jóná mọ́ ìdí ìkòkò, èyí tí èmi náà fẹ́ràn, tó fi jẹ́ pé òórùn ẹnu àwa méjèèjì kò yàtọ̀. Eré kan wà tí a máa ń ṣe. Màá bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, màá pa ọwọ́ dé, màá nà án síwájú. Òun yóò tẹ orí ba, yóò fi iwájú orí ti ọwọ́ mi jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé àna. Màá ṣí ọwọ́, yóò lá iyọ̀ rẹ̀. Gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ìjà kò ju ìyẹn lọ. Àwọn adìyẹ ìyá mi ló máa ń lé e kúrò nídìí omi.

Ó tẹ̀ lé mi dé iléèwé lọ́jọ́ kan. Ó wọ kíláàsì, ó sì jẹ máàpù Nàìjíríà tí tíṣà wa fara balẹ̀ yà sí páálí. Láti Sókótó títí dé Màídúgùrì ló jẹ, ìhà tiwa nìkan ló ṣẹ́kù. Tíṣà ní kí n kúnlẹ̀ sínú oòrùn, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Nígbà tí Ọ̀rẹ́ rí ọwọ́ mi lókè lọ́hùn-ún, ó rò pé iyọ̀ ni. Ó wá dúró tì mí gbágbáágbá, ó ń wo òkè, àwa méjèèjì jọ jẹ ìyà náà títí wọ́n fi lu aago.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹran kì í ṣe ọmọ títí ayé. Ìwo rẹ̀ yọ, ó ká mọ́ etí rẹ̀, bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bó ṣe máa ń wo aṣọ tó fẹ́ gé. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ó ní Iléyá tó ń bọ̀ ló kàn án. Kò pariwo sọ ọ́. Ìdí oúnjẹ ló ti sọ ọ́, ó ṣì ń fi òkèlè láfún nu ìdí àwo. Ìyá mi wò mí, ó tún wo ilẹ̀. Nígbà tiwa, ọmọ kì í bá bàbá rẹ̀ jiyàn lórí ẹran Iléyá. Mo kàn ń fi iyọ̀ kún iyọ̀ ni.

Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn akànṣẹ́ wọlé dé. Ẹni tí bẹ́líìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ ará Amẹ́ríkà kan báyìí tí ọrùn rẹ̀ nípọn ju orí rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó tíì gbá a ṣubú rí. Àwa ní Ìfọ̀ ò lè pe orúkọ rẹ̀ gún, a sọ ọ́ ní Àpáta. Ẹni tó fẹ́ gba bẹ́líìtì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ gíga kan tí ọwọ́ rẹ̀ gùn bí igi àjà, là ń pè ní Alápá Gígùn. Bàbá mi ní Àpáta ni yóò borí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bàbá Múdà, tó ń ta pákó ní òdìkejì ọ̀nà, ní kò ṣẹlẹ̀ rí, Alápá Gígùn ni. Láti ilé kéú làwọn méjèèjì ti ń jiyàn. Bí bàbá mi bá ní òjò máa rọ̀, Bàbá Múdà á lọ sá aṣọ.

"Ìwọ télọ̀!" Bàbá Múdà á pariwo láti ìdí pákó rẹ̀. "Ṣebí o ní téèpù, wọn ọwọ́ ọkùnrin yẹn wò! Kí Àpáta rẹ tó súnmọ́ ọn, ẹ̀ṣẹ́ á ti kí i káàárọ̀."

"Pákó tó bá gùn jù ló máa ń ṣẹ́," bàbá mi á dá a lóhùn. "Ta lo gbọ́ pé ó gbá Àpáta ṣubú rí? Dárúkọ ẹnì kan péré!"

"Ẹni tí kò ṣubú rí, níbo ló ti fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde?"

Àwọn tó wà ní ìta á hó yèè. Mo rántí pé bàbá mi gbé áyọ́ọ̀nù, ó tún gbé e kalẹ̀, ó ní kí n fẹ́ná sí i, bẹ́ẹ̀ iná ń jó nínú rẹ̀ pupa.

Ní Ìfọ̀ ìgbà náà, bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, àwa ọmọdé a máa da àgbò lọ sí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní ìrọ̀lẹ́. A ó fi làálì kun ìwo wọn, a ó sọ wọ́n lórúkọ akànṣẹ́, a ó sì jẹ́ kí wọ́n fi orí kan ara wọn. Bí ìjà ńlá kan bá wà lẹ́nu ayé, àgbò tó bá borí, akànṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ la gbà pé yóò gba bẹ́líìtì. Àwọn àgbàlagbà á ní ìranù ni, wọ́n á sì tún yọ́ bi wá léèrè ẹni tó borí. Bàbá mi nìkan ni kì í bi wá. Ó kórìíra àṣà yẹn. Ó ti fi ìgbátí lé mi kúrò ní pápá náà rí, ó ní ẹran ọlọ́ràá là ń sọ di ẹran olójú àpá.

Ẹ wá wo ohun tí iyàn lè sọ àgbàlagbà dà.

Ó ku ọ̀la kí Iléyá pé. Ìjà àwọn akànṣẹ́ náà ti parí ní Amẹ́ríkà kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó mọ́ níbi tiwa, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n máa tó gbé e, gbogbo àdúgbò sì ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ ṣáájú ẹnìkejì. Bàbá mi fi aṣọ di rédíò rẹ̀ bí ọmọ tuntun, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì. Bàbá Múdà ti òwú bọ etí méjèèjì, tó fi jẹ́ pé ojú afẹ́fẹ́ làwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ ya pákó tí wọ́n fẹ́ rà. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó, kó tó kí wa, a ó ti kígbe mọ́ ọn: "Má sọ ọ́! Má sọ ọ́ o!" Ọkùnrin kan tó kàn fẹ́ béèrè ilé ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀, a ò jẹ́ kó lanu títí ó fi tún wọkọ̀ padà. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo wá rò ó pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tán là ń fi gbogbo agbára sọ tẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, iyàn náà gbóná. Nítorí òwú etí rẹ̀, Bàbá Múdà ń pariwo bí ẹni tó wà lókè odò.

"Kí la ń fi ẹnu lásán jà sí? Àgbò tìẹ rèé, àgbò tèmi rèé! Jẹ́ kí wọ́n lọ sọ ọ́ fún wa ní pápá!"

Àgbò Hausa kan ló rà, ó ga bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo ń retí kí bàbá mi bú u. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ń wo bàbá mi, bàbá mi sì mọ̀ pé wọ́n ń wo òun.

"Kò burú," ó ní. "Àgbò mi ni Àpáta láti òní lọ. Bó bá borí, mi ò ní pa á. Ọba ni. Wọn kì í fi ọba ṣe ẹran Iléyá."

"Bàbá Ràṣídì," ìyá mi ní láti ẹnu ọ̀nà, "kí la wá fẹ́ pa lọ́la?"

"Bó bá dọ̀la, a ó mọ̀."

Inú mi dùn, àyà mi sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi ti bọ́ sínú ìjà, èmi nìkan ni mo sì mọ̀ pé kò bá nǹkan kan jà rí yàtọ̀ sí iyọ̀.

Pápá kún bámú. Wọ́n kun ìwo àgbò mi ní làálì. Múdà, ọmọ Bàbá Múdà, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní iléèwé, ló mú okùn àgbò tiwọn. Ó wò mí bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ó tú okùn. Àgbò tiwọn, Alápá Gígùn, fà sẹ́yìn, ó tún fà sẹ́yìn, ó fẹ́ imú. Àpáta tèmi ń jẹ koríko.

"Ràṣídì! Sọ fún un pé ìjà ni!" bàbá mi kígbe.

Mi ò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́ síwájú. Mò ń bẹ̀ wọ́n ni, pé kí wọ́n dúró. Àgbò mi gbé orí sókè, ó rí ọwọ́ mi, ó sì ro ohun tó máa ń rò. Ó tẹ orí ba, ó ń bọ̀ wá bá mi jẹ́jẹ́, ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ló sì kọ sí ẹni tó ń fi eré burúkú bọ̀. Mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ó fi orúnkún lélẹ̀. Nígbà tó dìde, ìwo ọ̀tún rẹ̀ ti kán, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba ojú rẹ̀. Ó ṣì rìn wá bá mi. Ó fi imú kan àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò sí iyọ̀ níbẹ̀.

"Àpáta ti ṣubú o!" Bàbá Múdà ń fò sókè. "Ó parí! Alápá Gígùn ti gba bẹ́líìtì!"

"Ẹran ni!" bàbá mi ní. "Ìgbà wo lẹran ń ka ìwé ìròyìn? Ìjà gidi ló kù. Bí Àpáta gidi bá borí ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ mi dúró, mi ò ní pa á."

"Bó bá wá ṣubú ńkọ́?"

Bàbá mi kò wo ọ̀dọ̀ mi. "Ìwo kọ́ la ń jẹ," ó ní.

Ìyá mi bá mi fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ fọ ojú ọgbẹ́ náà. Iyọ̀ tó ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu ló wá ń ta á lórí.

Bí wọ́n ṣe kírun Màgàríbì tán, tí àwọn tó gba ààwẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ti mu ẹ̀kọ gbígbóná, gbogbo àdúgbò rọ́ lọ sí pálọ̀ Bàbá Múdà, torí òun ló ní tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère. Pákó tó ń tà la fi ṣe bẹ́ǹṣì. Àwọn tí kò ráyè wọlé kó orí wọn gba ojú fèrèsé. Mo jókòó nílẹ̀ síbi ẹsẹ̀ bàbá mi. Ẹni tó ń wo ìjà nítorí iyàn, ojú tó fi ń wò ó yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wò ó nítorí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní tèmi, ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí Àpáta bá jẹ, mo máa ń rí ọ̀bẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àpáta ń lé e káàkiri, bàbá mi ń dìde, ó ń jókòó, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé mo sọ ọ́?" Ṣùgbọ́n ọwọ́ gígùn yẹn ò sinmi. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọwọ́ káfíńtà tó ń kan ìṣó tí kò sì ní ìbínú kankan sí igi. Nígbà tó yá, bàbá mi ò dìde mọ́. Ẹ̀ṣẹ́ kan dé tí àwa tó wà ní pálọ̀ ò tiẹ̀ rí i, àfi ìgbà tí a rí Àpáta lórí ilẹ̀. Ó di okùn mú, ó fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n bí ẹsẹ̀ tábìlì tí ìṣó rẹ̀ ti yọ. Mo ti rí irú ẹsẹ̀ yẹn rí. Rẹfirí kà á tán.

Pálọ̀ tú. Wọ́n gbé Bàbá Múdà sọ́rùn bí ẹni pé òun ló kan ẹ̀ṣẹ́ náà. "Àgbò ti sọ ọ́!" ni wọ́n ń wí. "Àgbò ti sọ ọ́!" Bàbá mi lọ síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yọjú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo ẹ̀yìn ilé.

"Níbo ni wọ́n mú un gbà?"

"Ta ni?" Bàbá Múdà bi í. Ó ti ń yọ òwú etí rẹ̀.

"Ẹni tó ṣubú."

"Ta ló ń wá ìyẹn? Wo ọba tuntun!"

Lóòótọ́, ẹni tó borí nìkan ni wọ́n ń fi hàn, wọ́n gbé e sókè, wọ́n ń da omi sí i lórí. Bàbá mi dé fìlà rẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé kì í ṣe pé o bínú?" Bàbá Múdà rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mi ò bínú. Ṣebí ìwọ lo béèrè níjọ́sí. Mo kàn fẹ́ wo bó ṣe máa dìde ni."

Kí n tó sọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìsinsìnyí fún yín, kí n má bàá gbàgbé. Lótò ní Mówè ni mò ń gbé báyìí. Láìpẹ́ yìí, àwọn akànṣẹ́ tó wúwo jù lọ tún fẹ́ jà, Kàbírù ọmọ mi sì mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹ irun fún un ní Ìbàfò. Gbogbo wọn tẹ orí ba fóònù, wọ́n dákẹ́ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Kàbírù ní, "Dádì, ta lẹ rò pé ó máa wín?" Mo ní mi ò mọ̀, pé kò sí àgbò nítòsí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò mí, wọ́n wo ara wọn. "Fóònù ti sọ ọ́, Dádì," ó ní, ó sì fi hàn mí.

Fóònù náà ò kúkú purọ́. Mi ò sì ní sọ fún yín pé ayé tiwa ló dára jù. Àwa la kán ìwo ẹran nítorí iyàn. Kàbírù ò fìka kanlẹ̀ rí láyé rẹ̀, ó sì mọ máàpù Nàìjíríà jù mí lọ. Àmọ́ nígbà tiwa, gbogbo ìlú ló dí etí rẹ̀ nítorí kí a lè jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Nísinsìnyí, kálukú ń gbọ́ tirẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí wọ́n ń bá jiyàn lórí fóònù, wọn ò mọ ojú wọn; kò sẹ́ni tó máa jí láàárọ̀ tó máa gba iwájú ìdí pákó ẹni tó borí òun kọjá. Nígbà tí ìjà náà parí, mo bi Kàbírù pé, "Ẹni tó ṣubú ńkọ́? Kí ló ṣe nígbà tí ilẹ̀ mọ́?" Ó fi àtàǹpàkò wá a lọ sókè sódò lójú fóònù. "Dádì," ó ní, "wọn ò gbé ìyẹn."

Ti ará Amẹ́ríkà yẹn, èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àpáta tiwa láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí mo ṣe jí, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo sáré lọ. Ibi tí a máa ń so ó mọ́ ṣófo, okùn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ kígbe pe ìyá mi ni mo gbọ́ ìró ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù, láàárọ̀ ọdún, nígbà tí télọ̀ kankan kì í ṣí ilẹ̀kùn. Mo yọjú. Bàbá mi wọ ṣòkòtò ọdún rẹ̀ àti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fi orúnkún méjèèjì há Àpáta láàárín bí oníbàárà tó wá wọn ara. Ó ti tú àpò ègé aṣọ sílẹ̀. Ó mú funfun, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó mú àwọ̀ sánmà, ó jù ú nù. Ó ń wá a lọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi tẹ ègé kan tó pupa, pupa fòò. Ó wé e mọ́ ìdí ìwo tó kán náà. Kò bojú wẹ̀yìn tó fi na abẹ́rẹ́ sí mi.

"Ti òwú bọ̀ ọ́ fún mi. Abẹ́rẹ́ yìí ò lójú."

Mo ti òwú bọ̀ ọ́. Èmi tí mo fọ ọgbẹ́ náà mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ níbẹ̀ láti àná.

Kò pẹ́ tí Àfáà àgbà fi ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n ń ké kábàrá ọdún lọ sí yídì, pápá ìkírun. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ kí i. "Àfáà, ẹ bá mi wo ẹran yìí. Ìwo rẹ̀ kán lánàá."

"Bí ojú ọgbẹ́ bá ti gbẹ," Àfáà ní, "kò sí wàhálà, ẹ pa á. Bó bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ ni kò ṣe é fi ṣe Iléyá."

Bàbá mi kàn nàka sí aṣọ pupa náà. Àfáà bẹ̀rẹ̀, ó wo aṣọ, ó wo etí aṣọ náà tí bàbá mi ti ṣẹ́ mọ́ra wínníwínní. Ó wo bàbá mi. Ó wá wò mí, èmi sì wo ilẹ̀.

"Háà," ó ní, "ẹ̀jẹ̀ yìí mà pọ̀ o, télọ̀." Ó tún bọ́ sójú ọ̀nà, ó gbé kábàrá rẹ̀ níbi tó bá a dé.

Láti òdìkejì, Bàbá Múdà ti rí gbogbo rẹ̀. "Bàbá Àpáta!" ó kígbe. "Ẹ kú ọdún o!" Àwọn tó ń lọ sí yídì bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ojú máa ti bàbá mi, ṣùgbọ́n òun gan-an ló rẹ́rìn-ín jù. Ó lu Àpáta ní ìdí pẹ́pẹ́, ẹran náà sì nàró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ó dìde!" bàbá mi ké sí i padà. "Ìwọ oní-pákó, ṣé o rí i pé ó dìde?"

Kí oòrùn tó mú, a ti kírun dé, Bàbá Múdà sì ti gbé itan kan ránṣẹ́ sí wa. Itan Alápá Gígùn ni, ẹni tó borí. Bí ìyá mi ṣe ń já a sínú ìkòkò, ẹni tó ṣubú dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná bí Àlàájì tó ti Mẹ́kà dé, láwàní pupa lórí, ó tẹ orí ba, ó ń fi iwájú orí ti ọwọ́ mi jẹ́jẹ́. Mo ṣí i. Iyọ̀ wà níbẹ̀.